Àwòrán Tí Mo Lọ Yà Lábẹ́ Omi Nítorí Bàbá Mi

Omi odò tó wà lẹ́yìn oko wa ní Ogbooro máa ń tutù láàárọ̀ débi pé egungun ẹsẹ̀ á máa ro ni. Àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń jẹni létí odò náà, láti kékeré la ti mọ̀ wọ́n. A ó gbá wọn pa, a ó họra, a ó sì máa bá iṣẹ́ iṣu wa lọ. Kò sẹ́ni tó ka kí eṣinṣin jẹni kún àìsàn nígbà yẹn.

Mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí mo wálé, mo bá bàbá mi tó ń kọsẹ̀ lára ebè tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó ní oòrùn ló mú ojú òun ṣú. Nọ́ọ̀sì kan tó ń pín oògùn ọ̀fẹ́ láti ilé dé ilé sọ pé kì í ṣe oòrùn. Ó ní eṣinṣin etídò ló ń gbé aràn tó ń ba ojú jẹ́ síni lára, àti pé abẹ́ omi ni àwọn ọmọ wọn ń gbé, lára òkúta, níbi tí odò ti ń já lórí àpáta.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Eṣinṣin wo ló ń bímọ sínú omi? Ṣé ẹja ni? Ọjọ́ tí mo bá fojú ara mi rí i, n ó gbé oògùn yín mì.”

“Bàbá, ọ̀la ni mò ń lọ sí Tẹ̀dé,” ni nọ́ọ̀sì dáhùn. “ Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó padà wá. Ojú yín lè má dúró dè mí.”

Ìyá mi dìde, ó wọ inú ilé lọ. Èmi ní tèmi, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ní awò kékeré kan tí mo máa ń so mọ́ ojú fóònù láti fi ya ara aṣọ fún àwọn oníbàárà, tí òwú kọ̀ọ̀kan á fi hàn ketekete. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti fóònù òun awò bọ inú ọ̀rá tó mọ́ gaara, mo so ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo bá yọ́ jáde. Okùn gidi tí mo lè fi so ara mi mọ́ igi wà lára ògiri o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ aṣọ hun kì í rí ohun tó lágbára ju aṣọ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ọ̀já aṣọ òkè gígùn kan tí mo hun, tí n kò tíì gé, ni mo so mọ́ igi etídò, mo sì so orí kejì mọ́ ìbàdí. Òwú dídán ni mo fi hun ún. Mo gbàgbé pé òwú dídán máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án.

Mo dojú bolẹ̀ lórí àpáta, mo ki orí àti ọwọ́ bọ omi. Ìfófòó omi nìkan ni mo rí yà. Mo gbé orí sókè, mo mí, mo tún wọlé. Ní ìgbà kẹrin, mo rí wọn. Wọ́n tò bẹẹrẹ lára òkúta, ọ̀kan ò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Wọ́n fi ìdí lẹ̀ mọ́ òkúta, omi ń fà wọ́n, wọn ò lọ. Nínú awò, abẹ̀bẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń nà án, wọ́n ń ká a, wọ́n fi ń gba oúnjẹ nínú omi. Kí n má purọ́, wọ́n rẹwà, ó sì dùn mí pé wọ́n rẹwà.

Mo fẹ́ súnmọ́ wọn sí i, ni ẹsẹ̀ mi bá yọ̀. Omi gbé mi. Mo fa ọ̀já, ó tú wẹ́rẹ́ lára igi. Mo forí sọ òkúta, mo mu omi, mo sì rántí pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí mo lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Apá òsì mi ló há sáàárín òkúta méjì, ìyẹn ló dá mi dúró tí mo fi rí ọ̀nà wọ́ jáde. Ó bó mi láwọ dé ìgúnpá, ṣùgbọ́n fóònù kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún mi.

Nọ́ọ̀sì ti ń di ẹrù sórí ọ̀kadà nígbà tí mo sáré délé. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, mo fi àwòrán náà lé e lọ́wọ́. “Bàbá, ẹ wò ó. Ẹ fojú ara yín wò ó.”

Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. “Mo rí i,” ló wí. “Wọ́n pọ̀ o.”

Mo mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọwọ́ rẹ̀. Iná ojú fóònù ti kú, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, bàbá mi sì ṣì ń wò ó. Nọ́ọ̀sì rí i pẹ̀lú, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ gba fóònù padà, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan apá mi, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ̀ lára rẹ̀.

“Kí ló ṣe ọ́ lápá?”

“Odò ni, Bàbá. Mo ṣubú.”

Ó na ọwọ́ síwájú. “Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé oògùn yẹn wá.”

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi níta pé ojú tó ti lọ kò ní padà, pé èyí tó kù ni oògùn á máa ṣọ́. Òótọ́ ló sọ. Títí dòní, bàbá mi mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń mọ̀ bí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ṣì ń ya àwọn ohun wẹ́wẹ́ abẹ́ omi, okùn gidi ni mo sì ń lò. Fún ọdún mélòó kan ni mo fi ń yangàn fáwọn èèyàn pé àwòrán mi ló yí bàbá mi lọ́kàn padà. Ìgbà tí irọ́ náà sú mi, mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé iná fóònù ti kú lọ́jọ́ náà kó tó sọ pé òun rí i.

“Ṣé ó ti kú ni?” ló bi mí. “Kí o tó dé ni mo ti pinnu pé n ó sọ pé mo rí i, kí o má baà padà sódò. Ìyá rẹ ti ń ké orúkọ rẹ kiri etídò láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn.”