Dàbínò Ìyàwó Wa

Ìyàwó àbúrò mi kì í jẹ ṣúgà. Gbogbo France Road tí wọ́n ń gbé ló mọ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún. Bí ó bá rí ọmọdé tó ń jẹ bisikíìtì, á máa mirí bí ẹni tó rí òkú. Láti ìgbà tó ti wo obìnrin kan lórí fóònù tó ń gún dàbínò pọ̀ mọ́ ẹ̀pà ni òun náà ti di ọ̀mọ̀ràn. Á yọ kóró dàbínò, á gún un, á da oyin sí i, á ká a róbótó-róbótó, á wá fi àgbọn rírin yí i lára. Dọ̀nkùnwà lásán tí àwọn ọmọ Hausa ń gbé kiri láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni, àfi pé tirẹ̀ wà nínú rọ́bà tó ń dán, ó sì ní orúkọ òyìnbó.

Ǹ bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú agọ̀ rẹ̀, bí kì í bá ṣe ti màmá wa. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá màmá jà, egbò kan sì wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn tó kọ̀ tí kò jinná. Dókítà ti ní bí ṣúgà ara wọn kò bá wálẹ̀, àwọn á gé ọmọ ìka náà. Ìyàwó wa gbọ́ èyí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé abọ́ dàbínò wá sílé wa ní Railway Quarters lójoojúmọ́.

"Mama, natural ni o," á ní, lórí ìkúnlẹ̀. "Babu sukari! Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Ọlọ́run náà ló dá ìrèké," mo dá a lóhùn.

"Haba, Àǹtí! Èyí different."

Ó sú mi pátápátá. Àní, oyin lẹnìkan fẹ́ fi wo ìtọ̀ ṣúgà! Nígbà tó lọ tán, mo kọjú sí màmá.

"Ṣé ẹnu yín ò sọ fún yín pé ó dùn ni?"

"Ó sọ fún mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń jẹ ẹ́?"

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Ìyá ọkọ tí kò bá jẹ oúnjẹ ọwọ́ ìyàwó, májèlé ló ń sọ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò lè torí àtàǹpàkò kan tú ilé ọmọ mi ká."

Irú ọgbọ́n àgbà yìí náà, mo kórìíra rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣe ìtọ́jú, èkejì ń ṣe sùúrù, ẹsẹ̀ ń jẹrà láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wa tún dé pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, màmá na ọwọ́. Mo yára gba abọ́ náà, mo jókòó tì wọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́. Ó kéré tán, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé a kọ oúnjẹ ìyàwó.

Inú ìyàwó wa dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

"Àǹtí, I knew it! Lọ́la, abọ́ méjì ni màá gbé wá. Tiyín lọ́tọ̀, ti Mama lọ́tọ̀."

Màmá wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Ó ṣeun, ìyàwó mi."