Gbìn Ín Ná, Kí O Tó Lọ Kí Mèsáyà

Ìwé márùn-ún péré ni mo kà. Èmi àti ọ̀gá ilé ìwé wa jọ fẹnu kò pé ó tó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ bá àwọn tó ka mẹ́fà.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí kò ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ. Ó wà lẹ́yìn ilé gogoro tí mò ń gbé ní Rexdale, nílùú òyìnbó níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti pín ọgbà fún àwọn ará àdúgbò. Tèmi wà lápá ọ̀tún, ti bàbá Júù kan wà lápá òsì, okùn kan ló pààlà wa. Bàbá yìí fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Èmi ń gbin ata rodo àti tẹ̀tẹ̀. Bàbá ń gbin kùkúńbà kan báyìí tí ìyàwó wọn tó ti dolóògbé máa ń rẹ sínú omi iyọ̀. Ọwọ́ ìyàwó náà ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín, wọ́n á sì tún tọ́jú èso rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Bí ilẹ̀ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, irúgbìn ìyàwó wọn parun nìyẹn.

Irọ́ ló sọ wá dọ̀rẹ́. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi wa iṣu kan rí, a jẹ orí rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, a sì ń gbé inú ìyókù. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní tèmi kéré: ẹja ńlá kan wà tí Ọlọ́run ti fi iyọ̀ pa mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí Mèsáyà bá dé, òun ni àwọn olódodo yóò jẹ, awọ rẹ̀ ni wọn yóò sì fi ṣe àgọ́.

Mo ní, "Bàbá, irọ́ yín ga ju tèmi lọ."

"Kì í ṣe irọ́. Ó wà nínú ìwé."

Wọ́n tún ní àwọn òkú Júù tí wọ́n sin sí ọ̀nà jíjìn yóò gba abẹ́ ilẹ̀ yí gbirigbiri dé ilẹ̀ mímọ́ lọ́jọ́ àjíǹde. Mo bi wọ́n bóyá ọ̀nà náà gba Ìjẹ̀bú kọjá. Wọ́n ní kí n lọ bi Ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti olùkọ́ wọn àtijọ́ kan, tó ní bí o bá mú ọ̀gbìn lọ́wọ́, tí wọ́n ní Mèsáyà ti dé, gbìn ín ná, kí o tó lọ kí i káàbọ̀.

Nígbà òtútù tó kọjá, òtútù tó jẹ́ pé mo sín ní ibùdókọ̀, ìsín náà bọ́ sílẹ̀, ó sì ró ṣaworo, bàbá yìí yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ìbàdí wọn kán. Ọsibítù gbà wọ́n. Èmi ni mo ń bomi rin ọ̀gbìn kùkúńbà wọn tó wà nínú ike lójú fèrèsé mi. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi: "Má gbìn ín sílẹ̀ bá mi o. Ọwọ́ mi ni n óò fi gbìn ín."

Ìgbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọgbà: ilẹ̀ tó bá ṣì ṣófo ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé yẹn ni ọsibítù dá bàbá sílẹ̀, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Sábáàtì wọn ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbin nǹkan kan, wọn kò sì gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni pé kó gbìn ín.

Sátidé kan náà ni ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Bramalea dá fún mi. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn lá àlá pé ọjọ́ náà ni Olúwa ń bọ̀. Kí gbogbo ènìyàn wọ funfun, kí wọ́n péjọ sí gbọ̀ngàn wọn.

Mo ní, "Bó bá jẹ́ Bramalea ni Ó ń bọ̀, Rexdale ni yóò gbà láti airport. Mo máa rí I."

"Daddy, ẹ má fi ṣeré. Aago mẹ́wàá ni mo máa wá gbé yín."

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, mo ní kí n yọjú sọ́gbà. Bàbá wà nídìí okùn, wọ́n di ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mú.

"Bàbá, ẹ kú Sábáàtì."

"O ṣeun." Wọ́n wo ilẹ̀ títí. "Ilẹ̀ yìí mà ṣófo o."

"Ṣé kí n gbìn ín?"

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. N kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ṣófo ni."

"Aago mẹ́rin ni wọ́n máa gbà á."

"Mo mọ̀. Ojú ọjọ́ dára, àbí?" Wọ́n yí ọ̀pá padà, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni mo fi gun àjà mọ́kànlá, mo sì fi mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ọ̀gbìn wà lọ́wọ́ mi.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin mi dé nínú funfun tó ń tàn.

"Daddy! Aṣọ yín! Olúwa ń bọ̀ lónìí!"

"Kó máa bọ̀. Ó ku mẹ́sàn-án."

"Bó bá dé tí ẹ ò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Sọ fún Un pé inú ọgbà ni mo wà. Ibẹ̀ náà ló kọ́kọ́ fi ènìyàn sí."

"Ẹ̀ ń fi ọ̀run yín ra kùkúńbà, kùkúńbà tí kì í tiẹ̀ ṣe tiyín!"

"Bí wọn kò bá gba ẹni tó gbin nǹkan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé lọ́hùn-ún, jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn wọn. Màá jókòó síta."

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó tilẹ̀kùn mọ́tò gbàgà, ó lọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbin mẹ́sàn-án náà tán.

Aago mẹ́rin géérégé, obìnrin òyìnbó tó ń bójú tó ọgbà dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ bàbá, ó wo orúnkún mi tó kún fún ẹrẹ̀.

"Ẹni tó ni ilẹ̀ kọ́ ló gbin èyí, sir."

"Ìwé tí ẹ lẹ̀, ṣé ó ní ta ni kó gbìn ín, àbí ó ní kí ilẹ̀ má ṣófo?"

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fàmì sí orúkọ bàbá, ó sì kọjá lọ. Èmi tí mo ka ìwé márùn-ún!

Sátidé parí, Olúwa kò tíì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin mi pè mí. "Daddy, ṣé ẹ ti jẹun?" Kò mẹ́nu ba àlá náà, èmi náà kò sì bi í. Mo burú, àmọ́ n kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá bàbá nídìí okùn.

"Ẹnì kan gbin nǹkan sórí ilẹ̀ mi," wọ́n wí.

"Olè ni."

"Ó gbìn ín sún mọ́ra jù. Aláìmọ̀kan olè ni."

"Níbi tí mo ti wá, Bàbá, a máa ń dúpẹ́."

"N kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ìka kan ewé tó sún mọ́ wọn jù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nàró. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ wọn sọ pé olódodo inú orílẹ̀-èdè gbogbo ló ní ìpín nínú ayé tó ń bọ̀.

"Títí kan òpùrọ́?"

Wọ́n rò ó. "Ẹja náà tóbi," wọ́n wí.

Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ata níbẹ̀, n kò ní jẹ ẹ́. Mo sì padà sídìí ata mi, mo ń tu koríko.