Ilá Ìyá Bàbá Mi ní Wilhelmsburg

Lánàá, ní ilé mi ní Lichtenberg, ní Berlin, mo ṣí fíríìjì, òórùn ilá tó ti rà sì gbá mi nímú. Ó ti dúdú nínú ọ̀rá, ó ń yọ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Tùẹ̀! Mo dà á nù. Àmọ́ kì í ṣe òórùn yẹn nìkan ló rí mi lára. Ó rán mi létí oko kékeré tí bàbá mi háyà ní Wilhelmsburg, ní Hamburg, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹnjiníà ni bàbá mi ní èbúté, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, àgbẹ̀ ni. Ohun tó fi ń yangàn ni irúgbìn ilá tí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn dì sínú àkísà fún un. Láti ìgbà tí Grandma ti wọlé ọkọ ló ti ń tọ́jú ilá kúkúrú, sísanra yẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, á yọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ yín.

Bàbá òyìnbó kan wà ní oko ẹ̀gbẹ́ wa, Opa, ìyẹn bàbá àgbà lédè Jámánì, la máa ń pè é. Ó kìlọ̀ fún bàbá mi pé a kì í gbin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta títí Eisheiligen, àwọn ọjọ́ òtútù àárín oṣù karùn-ún, yóò fi kọjá. Bàbá mi ní, "Ṣíọ̀! Òyìnbó ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn níṣẹ́ oko?" Ó gbin ìdajì ní oṣù kẹrin. Lọ́dún yẹn, òjò kọ̀, koríko gbẹ, pòtétò Opa kò tóbi ju ẹ̀kùrọ́ lọ. Ilá tiwa ń so ṣáá. Bí Opa ṣe ń wa pòtétò rẹ̀, bàbá mi dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Oòrùn ilé ti tẹ̀ lé wa dé o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìtìjú gbáà ni. A sì jẹ gbogbo ilá náà ní tútù, a ò fi ọ̀kan sílẹ̀ kó gbó ká lè rí irúgbìn mú.

Lọ́dún kejì, ooru mú gan-an lásìkò Àjíǹde. Màmá mi ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ o." Ó ní, "Kí ló dé? Ilẹ̀ yìí ti di tiwa." Ó gbin gbogbo ìdajì tó kù tán.

Nínú oṣù karùn-ún, òtútù mú lóru débi pé ìrì di yìnyín. A débẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ilá ti dúdú. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó yọ́ mọ́ mi níka, mo fi koríko nù ún. Òdòdó ápù Opa tí ooru tàn jẹ náà ti jóná. Ó bu kọfí fún bàbá mi, ó ní kàlẹ́ńdà tòun náà ò wúlò mọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù kan tí Grandma pè. Òjò àkọ́rọ̀ tàn wọ́n jẹ ní Ìsẹ́yìn, ó rọ̀, ó dá, gbogbo ilá ló gbẹ mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ilá yẹn. Ọwọ́ rẹ nìkan ló kù sí."

Bàbá mi wo màmá mi. "Ẹ má ṣèyọnu, Màámi. Ó wà."

Ó wà kẹ̀! Lọ́jọ́ kejì, ó ra irúgbìn ilá inú páálí ní ṣọ́ọ̀bù, ó dà á sínú àkísà Grandma, ó ní kí n so ó. Mo so ó. Ẹnìkan tó ń lọ sílé bá wa gbé e.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Grandma ní kí wọ́n fún mi ní fóònù.

"Ìwọ lo so àkísà yìí?"

"Ja, bẹ́ẹ̀ ni, Grandma."

"O so ó dáadáa. Sọ fún bàbá rẹ pé ilá yẹn ga, kò sì yọ̀. Sọ fún un pé mi ò bínú."

Opa ti kú, Grandma náà ti lọ. Ilá ti wá pọ̀ ní Wilhelmsburg báyìí, àwọn òyìnbó pàápàá ń gbìn ín, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí òtútù máa dé mọ́. Ti Grandma ò sí níbì kankan láyé. Bàbá mi ò sì tíì jáwọ́ nínú ìyangàn: bí àlejò bá dé, á ní òun lòun gba ilá ìyá òun là. Ó máa ń rí mi lára. Màá sì jókòó síbẹ̀, màá máa wò ó lẹ́nu, torí pé títí dòní, mi ò tíì jíṣẹ́ tí Grandma rán mi sí i.