Bàbá Bàrúwà àti Òjò Oṣù Kẹta

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ló sọ Bàbá Bàrúwà di olókìkí ní Ìlobì. Ó ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé òjò àkọ́kọ́ yóò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn mú. Bàbá wọ ẹ̀wù òjò, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó jókòó síwájú ilé.

"Bàbá, oòrùn mà ń pa yín," ni Túnbọ̀sún ọlọ́kadà wí.

"Ta ló bi ọ́ léèrè oòrùn?"

Títí di ìrọ̀lẹ́, kò bọ́ ọ. Òógùn ń kán lábẹ́ ẹ̀wù náà. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, òjò dé láti ìhà Ìbéṣe. Túnbọ̀sún ní Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá sọ.

"Ọjọ́bọ̀ ló gbéra," ni Bàbá dáhùn. "Ṣé o ò mọ bí tírélà ṣe ń dí ọ̀nà Ìbéṣe ni?"

Ohun tó fi ń mọ òjò kò pọ̀: èèrà tó ń kó ẹyin lọ sókè, àti orúnkún rẹ̀ òsì. Orúnkún yìí ló gbẹ́kẹ̀ lé jù. Hùmúàní ìyàwó rẹ̀ ní orúnkún yìí kan náà ló máa ń dùn ún tí wọ́n bá ní kó lọ pọnmi.

Rédíò ni ọ̀tá rẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí fún ọjọ́ mẹ́ta: "Ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ láwọn ibì kan." Bàbá á bi rédíò pé, "Ibo?" Rédíò á bọ́ sórí ìpolówó oògùn ibà. Bàbá á ní, "Ẹ rí i? Ó ti sá."

Ọ̀rọ̀ Àpèkẹ́ kì í ṣe ẹ̀rín ní tirẹ̀. Ilé rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, ìdajì àpò àgbàdo péré ló kù tó lè gbìn. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo Ìlobì gbé ọkọ́ lọ sóko. Bàbá ní kí Àpèkẹ́ dúró. Òjò àkọ́kọ́ máa ń tanni, ó lè lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí irúgbìn sì kú sínú ilẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́, Bàbá jókòó lé àpò náà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jókòó lé e láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orí àpò ló ti ń jẹun. Tó bá fẹ́ kírun, á ní kí Hùmúàní wá bá òun jókòó lé e.

Àgbàdo àwọn ará àdúgbò hù, ó tutù yọ̀yọ̀. Túnbọ̀sún dá ọ̀kadà dúró. "Ẹ kú ìsàba, Bàbá. Ọjọ́ wo lẹ máa pamọ?"

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àpèkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

Bàbá wo ojú ọ̀run pẹ́. "Kò dá mi lójú. Ká ní ó dá mi lójú, ǹ bá ti dìde."

Ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òjò kò fi kán. Àgbàdo àwọn tó kù gbẹ. Nígbà tí òjò padà, Àpèkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbin tirẹ̀, ó sì kórè.

Bàbá kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Lóṣù kẹta yìí, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àpèkẹ́ gbé irúgbìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀. Kò rí ẹni tí yóò bi léèrè. Hùmúàní ló jáde sí i, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan tó kún fún àgbàdo.

"Láti ọdún yẹn, ọdọọdún ni Bàbá ń fi tuntun pamọ́ fún ọ. Ó ní bí òun bá ṣì ọ́ lọ́nà, kí n gbé e fún ọ, kí n má sì sọ fún Túnbọ̀sún."

Àpèkẹ́ rín ẹ̀rín títí ó fi nu ojú.

"Màmá, bí mo bá gbin tọwọ́ mi lónìí tó kú ńkọ́?"

"Èyí ṣì wà."

Àpèkẹ́ gbé ọkọ́, ó kọrí sóko.