Ọwọ́ Bàbá Wa Lára Apá Panápaná

Òórùn sípíríìtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, àti ariwo ẹ̀rọ tó ń kùn nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Albany Park, ní Chicago, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láyé ọdún 1980 sí òkè. Iṣẹ́ ara fínfín ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe. Èmi ò mú abẹ́rẹ́ o. Orí pépà ni mo ti ń ya ọnà, òun á wá fín in sára oníbàárà. Ọnà àwọn ará Ireland àti Scotland àtijọ́ ló ń tà jù: okùn tó ń gba abẹ́ ara wọn kọjá láìlórí láìnídìí, àti àwọn ẹranko abàmì tí àwọn Píkítì, ará Scotland ìgbà láéláé, gbẹ́ sára òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn ẹranko náà ní imú gígùn. Mo pinnu pé erin ni, pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ni kò rí erin rí, mo bá bá a fi eyín méjì sí i. Ọ̀gá mi ló tètè pa á rẹ́ kí oníbàárà tó dé.

Okùn ní tirẹ̀ kò ṣòro fún mi. Bàbá wa ní Ìsẹ́yìn ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sọ́rùn agbádá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọnà sílẹ̀. Ó ní àṣà kan: bó bá kù díẹ̀ kó parí, á yí òwú padà lẹ́ẹ̀kan sí i ní igun ìsàlẹ̀, á rí bí etí ife. Àwọn tó ń ra agbádá kì í rí i. Àwa ọmọ rẹ̀ la máa ń wá a kiri lára aṣọ àwọn ẹlòmíràn ní yídì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Hyde Park, ni mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà, kò sì fi bò fún mi pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé mo ń ṣe ohun tí Mùsùlùmí kì í ṣe, ọjọ́ náà lòun máa dá mi padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mo sọ fún un pé ilé aláṣọ ni mo ti ń yàwòrán. Mo tún ń tan ara mi pé pépà lásán ni mo ń fọwọ́ kàn. Mo gbọ́n gan-an nígbà náà.

Panápaná kan wá, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti Ireland wá. Ó fẹ́ okùn mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀gá fín in tán, ó wo apá rẹ̀ títí, ó sì gbá mi mọ́ra. Inú mi dùn dé ilé.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù. Mo ń gé àlùbọ́sà.

"Firefighter kan wá sí ER wa lónìí, ó já bọ́ lórí ladder. Mo roll up sleeve ẹ̀ kí n check BP. Ṣé o mọ nǹkan tí mo rí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Etí ife Bàbá. Lápá òyìnbó. Ó ní one Nigerian kid ló draw ẹ̀ fún òun, quiet boy."

Gbogbo okùn tí mo yà ní ṣọ́ọ̀bù náà ni mo yí etí ife sí ní igun ìsàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín èèpo àlùbọ́sà. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀rín àti ẹkún ló ń bá a jà. Ojú Bàbá ti di bàìbàì, ó ti tó ọdún méjì tí kò ti mú abẹ́rẹ́ mọ́, àwa méjèèjì sì ti gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ti parí.

"Mi ò ní send ẹ back," ó ní. "Ṣùgbọ́n o máa record cassette fún Bàbá. Everything. Ẹnu ẹ lo máa fi sọ ọ́."

Kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé ì bá tún sàn fún mi.

Kásẹ́ẹ̀tì èsì pẹ́ kó tó dé. Bàbá kọ́kọ́ bú mi dáadáa, ó ní ara kì í ṣe aṣọ. Ó wá bèèrè pé, "Etí ife yẹn, ṣé o fà á le? Tó bá dẹ̀, kò ní dára."

Bàbá ti lọ báyìí, àwọn agbádá tó ṣe sì ti gbó. Ẹ̀gbọ́n mi ti di arúgbó, kò sì gbà títí dòní pé ara fínfín dára. Ṣùgbọ́n nígbà ooru, tí àwọn ènìyàn bá wọ aṣọ aláìlápá, tí àwa méjèèjì jọ wà nínú bọ́ọ̀sì, á yọ awò ojú rẹ̀ jáde, á máa yẹ apá àwọn baba òyìnbó wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi í rí pé kí ló ń wá. Èmi náà ń wá a.