Tabáàraka Tí Mo Ní Mo Mọ̀

"Dá a kà kí n gbọ́, Ìyá Uswat. Ìwọ nìkan."

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1989, nílé wa l'Ágége. Mo ti bo orí, mo ń kánjú lọ síbi àsàlátù. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá wọn lóhùn.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Tabáàraka tó ti mọ́ mi lẹ́nu bí orúkọ bàbá mi!"

Kí n tó padà dé, wọ́n ti kú sórí àga.

Ilé iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ti kógbá wọlé lọ́dún tó ṣáájú. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé nígbà náà, ló pa ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ìjókòó ilé yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ mi ní súrà, nítorí mo ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá ṣáájú mi kú, ẹnu tèmi ni n ó fi ka Tabáàraka fún wọn, ọgbọ̀n ẹsẹ, láìbá ẹnikẹ́ni gbè é.

Àwọn gan-an ni ẹ̀rù ìgbàgbé ń bà. Bí wọ́n bá ka ẹsẹ kan, wọ́n á pa Àlùkùránì dé, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á dá a kà. Èmi á máa rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Uswat, agbárí yín mà ti ń jò bíi páànù ilé wa."

"Ẹni tó mọ̀ pé páànù òun ń jò ló ń gbé bàsíà síbẹ̀. Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi ò jò o!"

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà. N kò kàwé, etí ni mo gbójú lé. Ní àsàlátù, ohùn mi ló máa ń ròkè jù, àṣé ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ti ń já ọ̀rọ̀ gbà. Ohun tó bá ti ń yọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, á ní òun mọ̀ ọ́n.

Ní fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àdínnì, aṣáájú wa, ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́.

"Sìlífátù ló ṣèlérí. Ẹ jẹ́ kó kà á fún ọkọ rẹ̀."

Mo ka ẹsẹ mẹ́rin. Ìkarùn-ún kò wá. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ibẹ̀ náà ló tún ti sọnù. Uswat ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí mi létí, kò ràn mí lọ́wọ́. Ni omi bá bọ́ lójú mi. Ìtìjú ni, kì í ṣe ọ̀fọ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Àdínnì wí, "ẹkún ọkọ ló dí i lọ́fun. Ta ni kò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run rí mi, mo mi orí. Wọ́n gbà á lẹ́nu mi, mo sì bá wọn gbè é dópin, n kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Bí n bá pa ilẹ̀kùn dé, mo lè dá a kà dé ẹsẹ kọkànlá. N kò tíì jẹ́wọ́ fún Uswat. N kò sì tíì ka Tabáàraka tán fún bàbá rẹ̀.