Aago Ọwọ́ Mi àti Kọ̀ǹpútà Olórí

Ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní Ìkẹ́nnẹ́, aago ọwọ́ mi ni gbogbo kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Àwọn ẹ̀rọ náà ti gbó. Bí iná bá lọ tó padà dé, kálukú á máa sọ aago tó wù ú. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ a máa fi hàn pé ó jáde kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rárá. Mátírọ̀n á ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ìyá Káàdì, kí ni aago wí?" Èmi á dìde, màá tún aago wọn tò láti yàrá dé yàrá.

Aago mi ń sáré díẹ̀. Gbogbo wa mọ̀, kò sì dun ẹnikẹ́ni, nítorí a ń tètè ṣíwọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ tí bọ́ọ̀sì ti dojú dé pẹ̀lú wa nítòsí Likosi, tí ẹni tó jókòó tì mí kò sì délé, n kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí n tó délé ní Irolu.

Wọ́n wá gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ṣàgámù. Ó fi wáyà so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, ó fi ọ̀kan jẹ olórí. Olórí yìí ń gba aago lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra ti aago kọ̀ǹpútà mi síwájú. Kò pẹ́ tó fi padà sẹ́yìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kò ní gbà fún yín mọ́ o."

Nọ́ọ̀sì kan pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀ńjiníà wa! Ìyá Káàdì, ẹ ti fẹ̀yìn tì nìyẹn."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ńjiníà ni Mátírọ̀n ń ké pè báyìí, òun ni wọ́n ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún. Kí ló ṣe ju kó jókòó lọ? Èmi ni mo ń rìn káàkiri.

Ìṣíwọ́ ló wá burú jù, torí a kì í tètè ṣíwọ́ mọ́. Ilẹ̀ ń ṣú mọ́ mi lójú ọ̀nà. Mò ń di irin ẹ̀yìn ọ̀kadà mú bí ẹni tó fẹ́ rì sómi. N kò lè sọ fún Mátírọ̀n, kí wọ́n má baà rò pé iṣẹ́ ti sú mi.

Lọ́jọ́ kan, Mátírọ̀n fúnra wọn ló pè mí. "Ìyá Káàdì, ẹ máa tètè lọ, kí ẹ máa tètè dé láàárọ̀. Ẹ̀ńjiníà ló bá yín bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹ máa ń yọjú wo ojú ọ̀run ṣáá bí ilẹ̀ bá ń ṣú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, torí àgbà ni mí. Mo délé kí oòrùn tó wọ̀, síbẹ̀ mo dé oúnjẹ mi padà láìjẹ ẹ́. Ó gba aago lọ́wọ́ mi, ó gba ìpè Mátírọ̀n. Oore rẹ̀ ni mo tún wá ń jẹ yìí.